Wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta sì ti kọjá? Ẹ má tíì káwọ́ lérí

Lẹ́tà yẹn kì í gùn. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, pé àwọn ò nílò yín mọ́, kẹ́ ẹ kó gbogbo nǹkan ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, síìní ọ̀gá nísàlẹ̀, ó parí. Èmi náà ti gba irú ẹ̀ rí, ní ọ́fíìsì ìjọba kan níbí ní Àbújá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù kẹta ọdún 2015, mi ò sì lè gbàgbé bí mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀ Kúbwà lọ́jọ́ náà tí mi ò mọ ìgbà tá a kọjá Gwarinpa.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa torí òun gan-an lọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, mo kọ ọ́. Wọ́n ní Alhaji kan wà ní Kàdúná tó mọ ọ̀gá náà láti kékeré, mo wọkọ̀ lọ Kàdúná lẹ́ẹ̀mejì. Àlàgbà ìjọ wa bá mi pe ẹnì kan ní mínísírì. Àwọn HR ń sọ fún mi pé wọ́n ti gbé lẹ́tà mi wọlé, kí n ní sùúrù, mo sì ní sùúrù, oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, oṣù keje. Nígbà tí mo máa fi dé ọ́fíìsì lọ́yà lóṣù kẹjọ, kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo ṣe tí wọ́n fi lé mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ọjọ́ wo ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà náà. Mo sọ ọ́. Ó dákẹ́. Ó bá mi pe ẹjọ́ náà ṣá, àmọ́ lọ́dún kejì kóòtù dà á nù, wọn ò dé orí ọ̀rọ̀ bóyá mo ṣẹ̀ tàbí mi ò ṣẹ̀, wọ́n kàn ní mo pẹ́ kí n tó wá.

Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti lé ọmọ Yorùbá kan lẹ́nu iṣẹ́ ní sàkáání mi, wọ́n máa ń ní kó wá rí mi. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, iṣẹ́ lọ́yà ò ṣeé fi mọ̀-ọ́n-sọ ṣe, àmọ́ mo ti ka ìdájọ́, mo ti tẹ̀ lé èèyàn lọ sí kóòtù, mo sì ti rí ohun méjì tó ń ká mi lára. Àkọ́kọ́, kóòtù ò mọ ẹ̀bẹ̀, gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń bẹ ọ̀gá ni wọ́n ń kà. Ìkejì, oṣù mẹ́ta tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀ ní Àbújá yìí, pé ẹni tí ò bá pe ẹjọ́ láàárín ẹ̀ ti pẹ́ jù, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mú. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n sọ fún pé ó ti bọ́, kò tíì bọ́ rárá. Nítorí ìkejì yẹn ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí.

Ta ló gbà yín síṣẹ́?

Ìbéèrè yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló máa sọ iye àkókò tẹ́ ẹ ní.

Tó bá jẹ́ aládàáni ni, bíi báǹkì, ilé ìwé aládàáni, ọsibítù aládàáni, òtẹ́ẹ̀lì, kọ́ńpìnnì tó ń kọ́lé, NGO, oṣù mẹ́ta yẹn ò kàn yín. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, àdéhùn ni, òfin tó fi gbèdéke sórí ẹjọ́ àdéhùn ní Àbújá sì ni Limitation Act ti FCT, ọdún 6 ló fún èèyàn. Ọdún mẹ́fà. Mo tún un sọ nítorí ọmọbìnrin kan ní Lugbe tó ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé aládàáni, wọ́n lé e nígbà tí oyún ẹ̀ hàn, tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ sì sọ fún un pé oṣù mẹ́ta ti kọjá, kó gbà fún Ọlọ́run. Ó gbà fún Ọlọ́run ní ọdún kan àtààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo àkókò yẹn, ẹjọ́ ẹ̀ wà láàyè, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un ni. Ohun tó bà jẹ́ ni pé ó ti jó lẹ́tà tí wọ́n fi lé e nínú ìbínú, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dà kiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò, ní Jos, ní Kàdúná, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin gbèdéke tiẹ̀, ẹ má fi ti Àbújá ka tiyín, ẹ bi lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ ìjọba ló gbà yín síṣẹ́, mínísírì, àjọ ìjọba, yunifásítì ìjọba, lóókà gọ́fámẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni oṣù mẹ́ta ti ń wá. Òfin náà ń jẹ́ Public Officers Protection Act, láti ayé òyìnbó amúnisìn ló ti wà, 1916. Ohun tó wí nínú ẹsẹ kejì ẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, kó pè é láàárín oṣù 3 sí ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ni òfin náà ń dáàbò bò, àmọ́ ní 1998, nínú ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni Ibrahim pẹ̀lú Judicial Service Committee ti ìpínlẹ̀ Kàdúná, Supreme Court sọ pé àtàjọ àti ọ́fíìsì, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni àwọn àjọ ìjọba ti fi di asà, ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi dànù lórí ẹ̀ ò níye. Tèmi wà lára ẹ̀.

Ẹjọ́ kan ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn òṣìṣẹ́ kan, Ajíbọ́lá Johnson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, pe àjọ ìjọba kan, National Revenue Mobilization Allocation and Fiscal Commission, lẹ́jọ́ torí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, àjọ náà ní wọ́n ti pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ náà dé Supreme Court, Supreme Court sì sọ pé òfin oṣù mẹ́ta yẹn kò kan àdéhùn iṣẹ́. Inú ìwé àkójọ ìdájọ́ ti 2019 ló wà. Ọjọ́ tí lọ́yà kan fi hàn mí, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, omi bọ́ lójú mi, torí ohun tí lọ́yà tèmi ń sọ ní kóòtù lọ́jọ́sí tí wọn ò gbà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ ti kọjá oṣù mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó ti tán, ẹ bi í bóyá ó ti ka ẹjọ́ Johnson. Tó bá jẹ́ lọ́yà ni kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ wá lọ́yà míì.

Àmọ́ o, ẹ gbọ́ mi yé. Lọ́yà ìjọba ò tíì yéé fi oṣù mẹ́ta ṣàtakò, wọ́n á ní iṣẹ́ tiyín kì í ṣe àdéhùn lásán, pé òfin ìjọba ló gbé e dúró, wọ́n á lo ọdún kan lórí àtakò yẹn nìkan kí ẹjọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí oṣù mẹ́ta ò tíì pé fún, kó má fi ẹjọ́ Johnson ṣe ìrọ̀rí sùn. Ẹ pe ẹjọ́ yín kó tó pé. Johnson wà fún ẹni tó ti ṣubú sínú kòtò, kì í ṣe fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun kan tún wà tí kì í sábà wá sí ìrántí wa. Àwọn àjọ ìjọba kan, òfin tó dá wọn sílẹ̀ ló sọ pé kẹ́ni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ kọ́kọ́ kọ̀wé ìkìlọ̀ sí wọn, kó dúró fún oṣù kan, kó tó lọ sí kóòtù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró sínú oṣù mẹ́ta, tẹ́ ẹ sì tún gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ṣé ẹ rí i pé oṣù méjì lẹ ní lóòótọ́? Nítorí èyí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ti wá òfin tó dá àjọ yín sílẹ̀ kà, ẹ wo apá ìparí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ àti gbèdéke sí.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà, ẹ má fi orí kà á. Interpretation Act ló sọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò sí nínú ìkà, ọjọ́ kejì lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù tí wọ́n ń wí, oṣù orí kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe ọgbọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó gba lẹ́tà ní March 14, June 14 ni gbèdéke ẹ̀. Tí ọjọ́ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí Sunday tàbí ọjọ́ ọlidé ìjọba, ó sún síwájú dé ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, àmọ́ Sátidé kò sí lára ọlidé nínú òfin yẹn. Ìyẹn ni pé tó bá bọ́ sí Sátidé, kóòtù ò ní ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ọjọ́ náà sì máa kà, ẹ yáa ti parí ẹ̀ ní Jímọ̀.

Ọjọ́ wo gan-an lẹ máa ti kà? Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó sì lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ní iṣẹ́ máa parí. Àwọn lọ́yà lè jà lórí ẹ̀ tó bá yá, ẹ̀yin ẹ mú èyí tó ṣáájú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti ibẹ̀ kà, ẹ máa rí ọwọ́ yọ. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n kọ déètì ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn sí. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ fún yín, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ gbà á sára ẹ̀dà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ síìní, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, tó bá jẹ́ orí email tàbí WhatsApp ló gbà wá, ẹ má pa á rẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń wò ní ìparí ni ọjọ́ tí ìwé yín wọ kóòtù, tẹ́ ẹ sanwó, tí wọ́n sítáǹpù ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó fún lọ́yà kò kan kóòtù. Ní 1987, nínú ẹjọ́ Egbe pẹ̀lú Adefarasin, Supreme Court ṣàlàyé ẹ̀ pé kóòtù á wo ọjọ́ tí ìwà náà ṣẹlẹ̀ nínú ìwé olùpẹ̀jọ́ fúnra ẹ̀, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tó pe ẹjọ́, tí àárín méjèèjì bá ti ju iye tí òfin fún un lọ, ó ti pẹ́ nìyẹn. Nítorí ẹ̀, ẹ má gba 'mò ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀' lẹ́nu lọ́yà. Ẹ ní kó fún yín ní ẹ̀dà tí kóòtù sítáǹpù. Kì í ṣe àìgbọ́ràn, ẹjọ́ yín ni.

Àwọn ohun tí kì í dá àkókò dúró

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀ torí ibẹ̀ ló ti ń bá wa. Àwa Yorùbá, wọ́n kọ́ wa pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ sì ni, tẹ́ ẹ bá pe ọ̀gá lẹ́jọ́ ó lè ṣòro kó tún gbà yín padà. Ìyẹn ló jẹ́ ká máa fẹ́ kọ́kọ́ rán àgbààgbà lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin ò bá wa dúró.

Ẹjọ́ Eboigbe pẹ̀lú NNPC, 1994, Supreme Court sọ ọ́ láìfi bò: ìjíròrò láàárín ẹni méjì tó ń jà kò dá gbèdéke dúró. Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ nílé iṣẹ́, kò dúró. Yúníọ̀nù ń bá wọn ṣèpàdé, kò dúró. Ẹ kọ pẹtíṣọ̀n sí National Assembly, ẹ lọ sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, ní Maitama, kò dúró. Lọ́yà yín kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ tó le bí òkúta, kò dúró. Àwọn kan máa ń rò pé táwọn bá tún kọ lẹ́tà míì, tí ọ̀gá sì dáhùn pé rárá, ọjọ́ ìdáhùn yẹn ni wọ́n á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, kóòtù á padà sí lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó lè ràn yín lọ́wọ́ nínú ìjíròrò ni kí àwọn fúnra wọn ti gbà lórí ìwé pé àwọn jẹ yín ní gbèsè, tó wá ku kí wọ́n san án. Nínú ẹjọ́ Nwadiaro pẹ̀lú Shell ní 1990, Court of Appeal ní kò ní bá ẹ̀tọ́ mu kí ẹni tó ti gbà pé òun jẹ̀bi tún sá pa mọ́ sábẹ́ gbèdéke. Ẹ padà lọ wo gbogbo lẹ́tà, email àti mínítì ìpàdé tẹ́ ẹ ní. Ìlà kan tí HR kọ pé 'a máa san owó yín lóṣù tó ń bọ̀' lè níye lórí ju ẹ̀bẹ̀ gbogbo àgbààgbà lọ.

Tó bá ti kọjá lóòótọ́ ńkọ́?

Ká ní ẹ ti ṣírò ẹ̀, ẹ ti bi lọ́yà, ó sì hàn pé gbèdéke tó kàn yín ti kọjá. Ẹ má lọ bẹ adájọ́ pé kó fi àkókò kún un. Ẹni tó pẹ́ láti gbé ẹjọ́ lọ sí Court of Appeal lè tọrọ àfikún àkókò, adájọ́ sì láṣẹ láti fún un, àmọ́ gbèdéke tí òfin fi síbi ìpẹ̀jọ́, adájọ́ ò láṣẹ lórí ẹ̀, àánú yòówù kó ṣe é. Ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ wò ó bóyá apá kan nínú ọ̀rọ̀ yín wà tí gbèdéke náà ò mú.

Owó oṣù tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ fún tí wọn ò san lẹ máa kọ́kọ́ wò. Owó iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe tán yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pé wọ́n lé e. Ó pẹ́ tí Supreme Court ti sọ, ó sì tún un sọ ní 2002 nínú ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú Zebra Energy, pé òfin oṣù mẹ́ta ò kan àdéhùn tí wọ́n dà àti owó iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe. Tí wọ́n bá jẹ yín ní oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó lé yín, owó yẹn ṣì ń dúró dè yín, kódà tí ọ̀rọ̀ lílé bá ti bọ́.

Ẹ̀kejì, òfin oṣù mẹ́ta fúnra ẹ̀ sọ pé tí ìpalára náà bá ń bá a lọ, ìgbà tó bá dáwọ́ dúró ni kẹ́ ẹ ti kà. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n gba owó oṣù ẹ̀ dúró, tí wọn ò tíì fún ní lẹ́tà kankan, tiẹ̀ lè wọ ibí yìí. Àmọ́ ẹni tó ti gba lẹ́tà pé iṣẹ́ parí, kó má tan ara ẹ̀ jẹ, kóòtù máa ń sọ pé ọjọ́ kan ni wọ́n lé èèyàn, ìyà tó ń jẹ lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe ìpalára tó ń bá a lọ.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Tó bá jẹ́ pé torí ẹ̀yà yín, ẹ̀sìn yín tàbí pé ẹ jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe fìyà jẹ yín, ìlànà ìpẹ̀jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tọdún 2009 sọ pé gbèdéke kankan ò mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Èèyàn wa ní àwọn ibì kan lókè ọya mọ ohun tí mò ń wí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òun gan-an ni igi lẹ́yìn ọgbà ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá kàn fi aṣọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn bo ẹjọ́ iṣẹ́, adájọ́ á ṣí i wò, á sì dà á nù.

Owó pẹ́ńṣọ̀n yín kò sí nínú gbogbo wàhálà yìí rárá. Pension Reform Act ti 2014 ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín, ẹ̀yin ìdá 8, kó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 sí ọjọ́ tó sanwó oṣù. Ẹ lọ gba sítétímẹ́ńtì lọ́wọ́ PFA yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n, ẹ kà á oṣù sí oṣù, tí àlàfo bá wà nínú ẹ̀ ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n. Ẹni tí ò tíì pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n lé, tí oṣù 4 kọjá tí kò tíì ríṣẹ́ míì, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀. Mo gba tèmi. Òun la fi san owó ilé lọ́dún yẹn.

Kóòtù wo, kí sì ni kẹ́ ẹ kó lọ

Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, National Industrial Court nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́. Olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Area 11, Garki níbí, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Kánò, Kàdúná, Jos, Makurdi, Lọ́kọ́ja, Sókótó. Tí lọ́yà bá ti ṣèèṣì gbé e lọ sí High Court, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á ya, òfin National Industrial Court ti 2006 fàyè gbà á kí kóòtù kan fi ẹjọ́ ránṣẹ́ sí èkejì dípò kí wọ́n dà á nù, ẹ ní kí lọ́yà yín béèrè fún ìyẹn.

Ìwé tí wọ́n máa ń fáìlì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ẹ̀sùn, àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí búra lé lórí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tẹ́ ẹ máa lò. Nítorí náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí lọ́yà, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà confirmation, lẹ́tà ìgbéga, ìwé ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fún yín, gbogbo kúẹ́rì àti ìdáhùn yín, ìwé tí wọ́n fi pè yín sí pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà tí wọ́n fi lé yín, péésílíìpù, sítétímẹ́ńtì báǹkì. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ má ta fóònù yẹn, torí Evidence Act ti 2011 ní ìlànà tó máa ń béèrè fún ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde, lọ́yà yín á ní láti sọ ẹ̀rọ tó ti wá.

Tí wọ́n bá gbé sọ́wédowó ìdágbére fún yín, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ tó gbà á. Ìwé kan máa ń tẹ̀ lé e tó ní kẹ́ ẹ síìní pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, kò ku nǹkan kan. Ẹjọ́ Agoma pẹ̀lú Guinness ní 1995 fi hàn pé ẹni tó ti gba owó ìdágbére, kóòtù lè sọ pé ó ti fara mọ́ lílé tí wọ́n lé e. Ebi ń pani, mo mọ̀, èmi náà mọ ohun tí ebi jẹ́ lọ́dún yẹn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka ìwé náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kò ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹ bi lọ́yà náà ní ohun kan tí wọn kì í sábà sọ: tá a bá jàre, kí la máa gbà? Tó bá jẹ́ òfin ìjọba ló gbé iṣẹ́ yín dúró, bíi ti yunifásítì ìjọba àpapọ̀, kóòtù lè ní kí wọ́n dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú owó gbogbo oṣù tó ti kọjá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí Yunifásítì Èkó lé rí i gbà bẹ́ẹ̀ ní 1985 nínú ẹjọ́ Ọláníyan. Ní iṣẹ́ aládàáni, kóòtù kì í sábà dá èèyàn padà, owó ni, nígbà míì owó oṣù tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìkìlọ̀ fún yín nìkan. Tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín ò bá sọ iye ìkìlọ̀, Labour Act ní ọ̀sẹ̀ 1 fún òṣìṣẹ́ tó ti lò ju oṣù 3 lọ àmọ́ tí ò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti pé ọdún 5 sókè, àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn nìyẹn o, kì í ṣe mánéjà. Ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní kóòtù, ó lè sàn kí lọ́yà bá yín bá wọn sọ ọ́ kẹ́ ẹ gba nǹkan. Tó bá jẹ́ wọ́n fi olè bà yín lórúkọ jẹ́, ìyẹn ò ṣeé fi sílẹ̀.

Ẹni tí ò lówó lọ́yà, ẹ lọ bi Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, bóyá wọ́n lè gba tiyín, ẹ bi yúníọ̀nù yín náà, àwọn kan máa ń ní lọ́yà tiwọn. Public Complaints Commission kì í gbowó, tẹ́ ẹ bá sì máa lọ ẹ má jẹ́ kó pé ọdún kan, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, ẹ má fi rọ́pò kóòtù.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò kan ní Nyanya gba lẹ́tà tiẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, ó dé ilé mi lọ́jọ́bọ̀. A jókòó sórí kàlẹ́ńdà. Bàbá ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ ọ̀gá náà, wọn ò fẹ́ gbọ́ kóòtù sétí rárá, mo sì ní bàbá, ẹ lọ, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé ìkìlọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù kan ìkìlọ̀ pé, wọn ò fèsì, lọ́yà fáìlì. Àbúrò náà ya fọ́tò ìwé tí wọ́n sítáǹpù ní Area 11 ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, déètì náà hàn kedere, ó ku ọjọ́ 19 kí oṣù mẹ́ta pé. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, òun àti bàbá ẹ̀ tún gbé ọsàn, wọ́n lọ kí ọ̀gá náà nílé.